Ohun tí Fọ́tò Ẹyinjú Mi Sọ Nípa Ojú Yín

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n sin yín sẹ́yìn ilé ní Tchatchou, láti ìgbà náà n kò sì kọ nǹkan kan sí yín. Nígbà tí mo wà ní Savè, Ẹ̀gbọ́n Bùráímọ̀ ló máa ń ka lẹ́tà mi sí yín létí. Kò sí ẹni tó máa ka èyí fún yín. Mo ń kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí mo ti mọ ohun kan nípa ojú yín, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún kí n tó sọ ọ́ fún ẹ̀yin.

Ara mi le. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Mo ṣì ń ránṣọ ní Tchaourou, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́. Òjò tètè dé lọ́dún yìí, iṣu tuntun sì ti wà lọ́jà. Ẹ̀yin kì í jẹ iṣu tuntun ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá sè é. Ẹ ní ó máa ń yún yín lọ́fun. Ìgbà tí èmi náà bímọ ni mo tó mọ̀ pé iṣu ni kò tó.

Ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Olùkọ́ obìnrin kan gbé kaba tí mo rán fún un padà wá. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi.

“Tata, ẹ má bínú o. Ẹ wo ojú rírán yìí, ó wọ́.”

Mo wò ó. Kò wọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé ara rẹ̀ ló ti yí padà, kì í ṣe aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú rúlà mi, ó fi í lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán náà.

“Ẹ tún un wò.”

Rúlà náà gan-an ló wọ́. Irin ni, mo ti lò ó fún ogún ọdún, kò sì sí ohun tó lè tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ àárín rẹ̀ yọ gọngọ bí ẹni pé wọ́n ti gbé e lé iná. Mo fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gún régé. Mo di ojú òsì, ó gún. Mo di ojú ọ̀tún, ó tún wọ́. Nígbà tí olùkọ́ náà lọ, mo fi ojú òsì nìkan wo férémù ilẹ̀kùn. Ó wọ́. Mo jáde, mo wo ojú irin. Irin méjèèjì ń rìn bọ̀ dáadáa, wọ́n dé ibi tí mo ń wò gan-an, wọ́n sì tẹ̀ kọrọdọ.

Mo tú aṣọ olùkọ́ náà, mo tún un rán. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ojú kan ṣiṣẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Aránṣọ tí ojú rẹ̀ ń mú nǹkan wọ́, ta ni yóò gbé aṣọ fún un?

Oṣù mẹ́ta kọjá. Àbàwọ́n kan dé sí àárín ohunkóhun tí mo bá fi ojú òsì wò. Kò dúdú. Ó dà bí ibi tí ẹni tó ní òróró lọ́wọ́ ti fọwọ́ kan gíláàsì. Bí mo bá di ojú ọ̀tún, tí mo sì wo oníbàárà, mo ń rí gèlè rẹ̀, mo ń rí yẹtí rẹ̀, n kì í rí imú àti ẹnu. Mo ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn. Ó ta mí lójú, kò ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà náà ni mo wọ tasí lọ sí Parakou, sí ilé ìwòsàn ojú kan tí oníbàárà mi júwe.

Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ìwé kan tó dà bí ojú ewé kàyé, ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé, ilà níbùú, ilà lóròó, àmì dúdú kékeré kan ní àárín. Wọ́n ní kí n fi ìka tọ́ka sí ibi tí ilà ti wọ́. Mo tọ́ka sí i. Wọ́n wá mú mi lọ sínú yàrá tí ẹ̀rọ fọ́tò wà. Ọmọ ẹ̀yà Baatonu ni ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà, ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó kọ́ ọ lọ́jà, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

“Màmá, ẹ gbé àgbọ̀n lé ibí. Ẹ wo àmì aláwọ̀ ewé tó wà nínú lọ́hùn-ún. Ẹ má ṣẹ́jú.”

“Mi ò rí i,” ni mo wí. “Bí mi ò bá wò ó, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ti wò ó, ó lọ.”

Ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní apá. Omi inú rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun. Ó ṣàlàyé fún mi pé omi náà yóò bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé inú ojú mi. “Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá gbà, a máa rí i. Ibi tó bá ti ń jò, a máa rí ìyẹn náà. Awọ ara yín máa pọ́n díẹ̀, ìtọ̀ yín náà, ó di ọ̀la kó tó mọ́. Ẹ má bẹ̀rù.” Ìmọ́lẹ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mọ̀nà lójú mi, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, n kò mọ iye ìgbà. Omi náà fẹ́ mú mi bì, n kò bì, ó sì lọ. Mo jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Mo wo apá mi, ó ti pọ́n lóòótọ́.

Dókítà náà, obìnrin ni. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi kí n lè wò ó pẹ̀lú rẹ̀. N kò tíì rí ẹ̀yìn ojú ènìyàn rí. Ó dà bí ilẹ̀ tí wọ́n wò láti òkè, tí odò pín sí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kiri orí rẹ̀. Ó fi bíìrò tọ́ka sí àárín.

“Ibí yìí lẹ fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Òun lẹ fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀. Nínú fọ́tò yìí, ó yẹ kó ṣókùnkùn, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan má sí níbẹ̀. Ẹ wo ti ọ̀tún. Ó dára. Ẹ wá wo ti òsì.”

Ní ti òsì, nǹkan funfun kan wà ní àárín. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ó kéré, ó rí bí òwú tó ta kókó. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó fẹ̀ sí i. Nínú ti ìkẹyìn, ó ti ràn bí epo tó kán sórí aṣọ funfun.

“Iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun ni,” ni ó wí. “Wọ́n hù níbi tí kò yẹ kí wọ́n hù. Ara wọn kò lágbára, wọ́n ń jò.”

Ó mú fọ́tò mìíràn jáde, èyí tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lásán yà kí wọ́n tó gún mi lábẹ́rẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gé aṣọ onípele púpọ̀, tó wá ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ojú ọ̀tún, ìpele òkè tẹ̀ wọlé díẹ̀ ní àárín, bí ibi tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kọ. Ní ojú òsì, ibẹ̀ wú sókè, omi sì wà lábẹ́ rẹ̀.

“Tata, ṣé ẹ ti rí ilé tí gbòǹgbò máńgòrò wọ abẹ́ rẹ̀ rí?”

Mo ní mo ti rí i.

“Símẹ́ńtì á gbé sókè, ilẹ̀ ilé ò ní tẹ́jú mọ́. Ohun tó ń mú rúlà yín wọ́ nìyẹn.”

Ó wá béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wa ní irú àìsàn yìí rí. Mo ní rárá. Mo ní ìyá mi darúgbó, ojú wọn sì rẹ̀ bí ojú arúgbó ṣe ń rẹ̀. Ó ń kọ̀wé lọ, kò gbé orí sókè.

“Báwo ni wọ́n ṣe máa ń wo ènìyàn? Ṣé wọ́n máa ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?”

Ìloro ilé wa ní Tchatchou ló wá sí mi lọ́kàn.

Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú mi nígbà náà, nítorí n kò sọ ọ́ fún yín rí. Nígbà tí mo kó jáde nílé ọkọ mi ní Savè, tí mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lé orí tasí padà sí Tchatchou, ẹ jókòó sí ìloro lórí àga pákó yín. Mo kúnlẹ̀ níwájú yín. Ẹ kò wò mí lójú. Ẹ yí orí kúrò, ẹ fi igun ojú wò mí, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú ìwò bẹ́ẹ̀ jẹ́ láàárín wa. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń wo ẹni tó tàbùkù sí ilé. Lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́jọ, bí mo bá gbé oúnjẹ wá, bí mo bá kí yín láàárọ̀, ẹ óò yí orí, ẹ óò wò mí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ojú ń tì yín nítorí mi. Lọ́jọ́ kan mo béèrè.

“Ìyá, bó bá jẹ́ pé mo dójú tì yín, ẹ sọ ọ́ jáde.”

“Sún mọ́ mi,” lẹ sọ.

Mo rò pé ẹ fẹ́ bá mi wí ni. Mo jáde. Oṣù yẹn ni mo kó lọ sí Tchaourou. Láti ìgbà náà, Iléyá àti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìkan ló ń gbé mi wá sílé, n kì í sì í sùn mọ́jú. Ọdún mẹ́rin lẹ fi wà láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé ẹ ti lọ, wọ́n ti wẹ̀ yín kí n tó dé.

Mo sọ fún dókítà náà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń yí orí.

Ó ní bí àárín ojú bá bàjẹ́, etí rẹ̀ a máa ṣẹ́kù. Ó ní bó bá yá, ẹni náà yóò rí ibi kan létí ojú tó ṣì ń ríran díẹ̀, yóò sì máa yí orí kí ohun tó fẹ́ rí lè bọ́ síbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tó ń sọ lójoojúmọ́. “Bí irú wọn bá wo ènìyàn lọ́ọ̀ọ́kán, wọn kò rí i. Ìgbà tí wọ́n bá yí orí ni wọ́n tó ń wò ó.”

Mo ní mo gbọ́. Mo béèrè ọjọ́ tí n ó padà wá. Mo mú àpò mi.

Ìwòsàn tó wà fún un ni abẹ́rẹ́, inú ẹyinjú ni wọ́n sì ti ń gún un. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọn yóò tún ya fọ́tò. N kò fẹ́ dá ìpinnu náà ṣe. Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n ní Tchatchou. Abẹ́ igi ni mo bá a, ó ń ṣa kajú tó kó bọ̀ láti oko rẹ̀ lọ́nà Goro.

“Abẹ́rẹ́ nínú ojú?” ni ó wí. “Ojú kì í ṣe ìdí.”

“Dókítà ní bí mi ò bá gbà á, àárín ojú náà á kú. Ó ní ó jọ pé ohun tó ṣe Ìyá nìyẹn.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú abọ́ kajú.

“Ìyá sọ fún mi.”

“Wọ́n sọ kí ni?”

“Pé àwọn ò rí ojú ènìyàn mọ́. Ọdún tí o padà dé gan-an ni. Wọ́n ní àwọn ń rí ọ̀nà ilé ìdáná, àwọn ń rí ewúrẹ́ tó bá kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ènìyàn, aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ. Wọ́n ní inú wàhálà kan lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Wọ́n ní bí o bá gbọ́, wàá jókòó ti àwọn, wàá máa fà wọ́n lọ́wọ́ kiri títí wọ́n á fi kú, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ á sì dípẹtà. Wọ́n mú mi búra.”

“Ẹ rí i pé mi ò wálé mọ́.”

“Mo rí i. Mo lọ sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ọwọ́ iṣẹ́ rẹ ló dí.”

Mo bínú sí i, Ìyá. N kò pariwo. Mo dìde, mo dúró lẹ́bàá títì títí tasí fi dé, n kò sì dágbére fún ìyàwó rẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Tchaourou kí n tó rí i pé kì í ṣe òun ni mo ń bínú sí.

Ta ló sọ fún yín pé n kò lè máa ránṣọ kí n sì máa fà yín lọ́wọ́? Ìloro yẹn gba ẹ̀rọ kan. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rò pé ìwò yín ń sọ? Bí ẹ kò bá mọ̀, kí lẹ rò pé ó lé mi lọ? Bí ẹ bá mọ̀, báwo lẹ ṣe jẹ́ kí n máa rò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin? N kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ lè ṣe irú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́.

Mo gba abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n kán oògùn tó mú ojú mi kú tipiri, wọ́n fi aṣọ bo ojú mi tó kù, wọ́n fi irin kékeré kan la ìpéǹpéjú mi kí n má lè ṣẹ́ ẹ. Kò dùn mí bí mo ṣe rò. Mo mọ̀ ọ́n bí ìgbà tí wọ́n fi ìka tẹ ènìyàn. Mo wá rí nǹkan dúdú róbótó kan tó ń léfòó kiri inú ojú mi, ó sì parẹ́ ní ọjọ́ kejì. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọ́n ya fọ́tò. Omi tó wà lábẹ́ ìpele náà ti gbẹ, ibẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Nǹkan funfun náà kò ràn mọ́. Ṣùgbọ́n àpá kù ní àárín, àpá yẹn kò sì ní lọ. Bí mo bá fi ojú òsì wo rúlà, ó ṣì tẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ti lọ kò ní padà, ohun tó kù ni wọ́n bá mi dá dúró. N kì í gba aṣọ tó ní iṣẹ́ wẹ́wẹ́ mọ́. Mo ń rán ohun tí ojú ọ̀tún bá gbé.

Ọjọ́ yẹn ni mo béèrè lọ́wọ́ dókítà náà bóyá abẹ́rẹ́ náà ìbá ti gba ojú yín là. Mo ti ń gbé ìbéèrè náà kiri láti oṣù mẹ́ta.

“Mi ò lè sọ,” ni ó wí. “Mi ò rí fọ́tò ojú wọn.”

Inú mi dùn pé kò purọ́ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lẹ́yìn náà. Ó gun ọ̀kadà zẹ́mì dé ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ agbádá Jímọ̀ rẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Mú mi lọ,” ni ó wí.

N kò béèrè ibi tí mo máa mú un lọ. A jọ lọ sí Parakou. Òun náà gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ó bá ọmọ Baatonu náà jiyàn pé òun kò ṣẹ́jú. Àwọn àmì aláwọ̀ ìyeyè kéékèèké wà ní ẹ̀yìn ojú rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni wọ́n gàrí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iṣan tuntun kankan. Wọ́n ní kó máa wá kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fún un ní ìwé onílà náà, ó ní ìṣirò kọ́ ni òun wá ṣe. Nígbà tí à ń bọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo oko tó ń kọjá.

“Àbúrò, kí o dárí jì mí.”

Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí a dé Tchaourou mo fún un ní oúnjẹ, ó jẹun, ó sì sùn díẹ̀ lórí ẹní mi kó tó máa lọ. Ó ti pẹ́ tó ti sùn nílé mi.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àbígbẹ̀yìn mi, Ràbíátù, tí ẹ máa ń fọwọ́ pa lórí kí ẹ tó mọ̀ pé òun ni, ti ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou báyìí. Ó ní ọ́fíìsì, ó ní ọmọ kan, ọkọ rẹ̀ jẹ́ ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Jímọ̀ tó kọjá, bó ṣe kí mi tán, mo sọ fún un. Mo sọ nípa rúlà, mo sọ nípa abẹ́rẹ́, mo sọ nípa fọ́tò. Mo ní kí òun náà lọ yẹ ojú rẹ̀ wò bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti ń lọ sókè.

“Màmá, ṣé ó burú?”

“Ti òsì ò ní dáa ju báyìí lọ. Ti ọ̀tún dáa. Mi ò mọ̀ bóyá á dáa títí.”

“Mo ń bọ̀ ní Sátidé.”

Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi. Pé iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́. Pé ọmọ kéré, ọ̀nà sì jìn. Pé kò tíì burú tó ìyẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Ìyá, ó rọ̀ mí lẹ́nu bí ẹni pé mo kọ́ ọ nílé kéú.

Mo ní kó máa bọ̀.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún yín.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín nígbà náà pẹ̀lú, nígbà tí inú ń bí i.